Ẹni Àádọ́ta ní Amity

Kirsten, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé ibi iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ irúgbìn nínú ilẹ̀ tútù yóò ṣọ́ ọ ní Chicago níbẹ̀, kò ní jẹ́ kí o há sínú ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè ilé.

Àwa náà wà. Òjò ti pọ̀ jù, àgbàdo apá gúúsù kò tíì yọrí, mo ń dá ilẹ̀ lẹ́bi, ìyá rẹ ní èmi ni mo gbìn ín jìn jù. Ó lè jẹ́ òótọ́. N kò mọ ohun tí mo mọ̀ mọ́.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dára. Mo jókòó sí ilé ìdáná, mo ní kí ó mú mi lọ sílé wa, kí n fi dán an wò. Ó ní kí n jáde, kí n yà sọ́tùn-ún. Mo jáde, mo yà. Ó gbé mi dé àárín oko sóyà Gerald Eilers, obìnrin inú fóònù ní mo ti délé. Mo dúró níbẹ̀ díẹ̀ kí n má baà dójú tì í.

Ní ọjọ́ Àìkú, Marlys tó jẹ́ akọ̀wé àgbègbè wa ka èsì ìkànìyàn fún wa ní gbọ̀ngàn. Ó ní Amity jẹ́ máìlì mẹ́fà lóròó, mẹ́fà níbùú, pé tí a bá gé e sí máìlì kọ̀ọ̀kan, ìpín mẹ́rìndínlógójì ni. Ó ní a pé àádọ́ta, pé ènìyàn kan àti díẹ̀ ló ń gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí kò jẹ́ kí n sùn. Nínú tiwa, èmi àti ìyá rẹ ni, méjì gbáko. Nínú èyí tó tẹ̀ lé wa, ẹ̀rọ gíga tí afẹ́fẹ́ ń yí yẹn nìkan ló wà. Ta wá ni “díẹ̀”? Mo bi Gerald. Ó ní bó bá jẹ́ ẹni tí kò pé ni wọ́n ń wá, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ilé mi.

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, nítorí káúńtì ti sọ pé bí a kò bá pé àádọ́ta, wọn yóò dà wá pọ̀ mọ́ àgbègbè Bethel, wọn yóò ti gbọ̀ngàn wa pa, àwọn Bethel ni yóò sì máa sọ ọ̀nà tí wọn yóò kọ́kọ́ kó yìnyín kúrò lórí rẹ̀. O mọ àwọn Bethel. Marlys gé páì fún tọmọdé tàgbà. Mo gbé tèmi fún Gerald.

Kirsten, ìwọ ni ẹni àádọ́ta.

Ní oṣù kẹrin, fọ́ọ̀mù ìkànìyàn bi mí pé ènìyàn mélòó ló ń gbé ilé yìí, mo kọ mẹ́ta. N kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. O mọ̀ pé ẹni tó ti lọ ni a fi ń pe ilé níbí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì ni kò ti sí Vossler kankan ní ilé Vossler, Gerald ló ń gbé ibẹ̀, síbẹ̀ Gerald fúnra rẹ̀ ń pè é ní ilé Vossler. Mo wo fìlà rẹ lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, ó sì jọ mí lójú pé o wà ńlé. Ìyá rẹ ní fìlà kì í fọ abọ́.

Ní báyìí lẹ́tà ti dé láti ọ́fíìsì ìkànìyàn. Wọ́n ní Kirsten Tjaden kan náà ti kọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní Chicago, kí n fi àmì sí èyí tó jẹ́ òótọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń gbé bírò, tí mo ń gbé e sílẹ̀. Bí mo bá yọ ọ́, Amity lọ. Bí mo bá fi ọ́ sílẹ̀, mo di òpùrọ́ lójú ìjọba àti lójú ìyá rẹ. Kí n kúkú jẹ́wọ́ tán: n kò rántí Amity rárá nígbà tí mo kọ mẹ́ta yẹn.

Fọ́ọ̀mù náà ló wà nínú lẹ́tà yìí. Ìwọ ni kí o fi àmì sí i. Mo ti lẹ sítáǹbù mọ́ àpòòwé rẹ̀, n kò tọrọ owó lọ́tẹ̀ yìí. Bí o bá fi àmì sí Chicago, n kò ní bínú, èmi fúnra mi ni n ó sọ fún Marlys. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ibí lo fi sí, jọ̀ọ́, wá sùn níbí, ì báà jẹ́ alẹ́ kan, kí ọ̀rọ̀ náà lè ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Olúwa yóò kà ọ́ mọ́ ẹni rere níbikíbi tí o bá gbé orí lé ìrọ̀rí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Verlyn

Mo gbàgbé: ìyá rẹ ti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní ọjọ́ ìfọṣọ ni. Ọjọ́bọ̀ lòní, Kirsten. Ọjọ́ Ajé ló máa ń fọṣọ.