Àwọn Tó Fi Ẹ̀ṣọ́ Ta Wá Lọ́rẹ

Meerim ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Bishkek olú ìlú wa níbẹ̀? Ṣé èéfín ìlú yẹn kò mú ọ húkọ́? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ara wa le níhìn-ín, àfi orúnkún mi, òun náà ń gbìyànjú. Abo ẹṣin funfun ti bímọ, wàrà sì pọ̀ débi pé ìyá rẹ ń fi ta aládùúgbò lọ́rẹ, àní ẹni tí kò fẹ́ràn.

Àwọn àlejò òkèèrè tí ilé iṣẹ́ ìjọba tí o wà rán sí wa dé o. Kubat olórí abúlé ní wọ́n wá fi ẹ̀ṣọ́ sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa kí olè má baà wọ ibẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, ìjọba wọn ló fi ṣe wá lóore. A pa àgùntàn, a gbé orí rẹ̀ fún ọ̀gá wọn, ó sì gé etí rẹ̀ fún ọmọdé bó ṣe yẹ. Ọmọlúàbí ni. Mo bi í pé kí la ó máa fi bọ́ ẹ̀ṣọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má dààmú, láti ìlú àwọn ni àwọn yóò ti máa bọ́ ọ lójoojúmọ́. Àánú ìnáwó wọn ṣe mí. Kubat ní kí n yéé dójú ti òun.

Lẹ́yìn náà la ṣèpàdé lórí pápá òkè tí à ń kó ẹran lọ nígbà ooru, nítorí ìjọba àwọn àlejò wa kan náà fẹ́ wa góòlù níbẹ̀. A ní a ó kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Bí wọ́n bá wá fínná mọ́ wa, ká fún wọn ní apá ìsun omi, ká fi apá ibojì àwọn baba wa sílẹ̀. Kubat tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kò sólè tó lè dé ibẹ̀ mọ́.

Ọmọ mi, nígbà tí àwọn tó fẹ́ wa góòlù dé, wọn ò tilẹ̀ yọ wá lẹ́nu! Tíì kò tíì tutù tí ọ̀gá wọn fi ní apá ìsun omi nìkan tó àwọn, àwọn ò ní fọwọ́ kan ibojì. Inú wa dùn pé ó mọ inú wa tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ nìkan ló dìde, tó ní ta ló bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ ibojì.

Wọ́n ti fi wáyà yí ìsun omi náà ká. Àwọn ẹṣin ń dúró sídìí rẹ̀, wọ́n ń wo omi. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi háyà ọkọ̀ tí yóò máa bá wa pọnmi.

Kubat ní ìwọ ni wàá fọwọ́ sí ìwé tí wọn yóò fi gbé irú ẹ̀ṣọ́ yìí wọ gbogbo ọ́fíìsì ìjọba. Mo ti ròyìn rẹ káàkiri. Ọlọ́run yóò gbé ọ ga, ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, Sagyn.

Ìyá rẹ ní kí n fi èyí kún un, pé kí o tó fọwọ́ sí i, kí o bi àwọn ọ̀gá rẹ: nínú gbogbo ilẹ̀ wa yìí, apá ibo ni wọ́n ti kọ sínú kọ̀ǹpútà pé àwọn yóò fún àwọn àlejò wọ̀nyí bí wọ́n bá fínná?