Ẹ̀sùn Tí Mo Parí Sílé

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026
Ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ìjọba ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gbé àpótí kalẹ̀, kí ọmọ tí wọ́n bá ń fìyà jẹ lè kọ ẹ̀sùn sínú rẹ̀. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kò gbọdọ̀ jáde. A kò sì gbọdọ̀ kó òun àti ẹni tó fẹ̀sùn kàn jọ sójú kan. Onígíláàsì — ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ — ní èmi ni kí n máa ṣí i. "Bàbá Bùràímọ̀, ẹ̀yin làgbà. Ọ̀rọ̀ kì í já bọ́ lẹ́nu yín."

Ọjọ́bọ̀, 15 Ṣẹ́rẹ́
Lẹ́tà kan. Wonder ló kọ ọ́, ọmọ Sabina tó ń yan ẹja létí ọ̀sà. "Ó ń pè mí ní Ẹja Gbígbẹ. Tí mo bá wọ kíláàsì, á ní kí gbogbo wọn dimú. Ó da omi sínú báàgì mi." Orúkọ ẹni tó ń ṣe é: Kausarat.
Kausarat tèmi. Ìyá Kékeré mi, ọmọ ọmọ mi, tó ń bu omi àlùwàlá fún mi láràárọ̀.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Bóyá Kausarat mìíràn wà? Kò sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Ṣẹ́rẹ́
Mo ti parí ẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo pe àwọn méjèèjì wá sílé. Bí bàbá mi ṣe máa ń parí ìjà nìyẹn: abọ́ kan, ọwọ́ méjì. Mo ní kí wọ́n jọ jẹ mọ́ínmọ́ín, kí wọ́n dì mọ́ra. Kausarat ní, "Jọ̀ọ́, má bínú." Wonder ní, "Ẹ ṣé, Bàbá" — kò wojú mi. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba: Kò sí ẹ̀sùn. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Kí ni ìjọba fẹ́ fi ṣe?

Ọjọ́rú, 21 Ṣẹ́rẹ́
Wonder ò wá sílé-ẹ̀kọ́ láti àná. Ibà ni. Ó lè jẹ́ ibà.

Ọjọ́bọ̀, 22 Ṣẹ́rẹ́
Kì í ṣe ibà. Ìyá Kékeré ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín: ní Mọ́ńdè, wọ́n kọrin "Amẹ́bọ! Amẹ́bọ ẹlẹ́ja!" tẹ̀ lé Wonder títí dé géètì.
Mo bi í, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé òun ló fẹjọ́ sùn?
"Ẹ̀yin kọ́ lẹ pè é wá sílé ni, Bàbá Àgbà? Ṣebí ẹ ti bá wa parí ẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn."


Ọjọ́ Ajé, 26 Ṣẹ́rẹ́
Àwọn aláyẹ̀wò ìjọba dé. Ẹ̀sùn mélòó? Onígíláàsì ní, "Kò sí ẹyọ kan, mà! Bàbá wa ń gbìyànjú." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.
Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Ṣẹ́rẹ́
Mo lọ sétí ọ̀sà. Sabina ń to ẹja sórí iná. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ bá wọn parí ìjà. Agídí ló ń ṣe ọmọ mi. Ó ní òun ò lọ sílé-ẹ̀kọ́ mọ́. Mo ti nà án lẹ́ẹ̀mejì."
Mo ní kó dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀: Ọmọ ọmọ mi ni. Mo bò ó mọ́lẹ̀. Èmi ni mo tú àṣírí ọmọ rẹ. Lọ́la, màá dúró níwájú Onígíláàsì, màá pe orúkọ Kausarat.
Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ọmọ náà sọ fún mi pé Bàbá ló fà á. Nítorí irọ́ tó pa mọ́ àgbà yẹn ni mo ṣe nà án."
Ó nu ọwọ́, ó wọlé. Èmi dúró síta. Mo ń gbọ́ — ìyá ń bẹ ọmọ rẹ̀.