Ẹ̀tù tí mo fi ojú wọ̀n

Thamesmead, Friday, October 1992

Ọkàn mi ò balẹ̀. Ọ̀la la fẹ́ lọ ṣọdẹ àgbọ̀nrín, èmi àti òyìnbó tá a jọ ń wa bọ́ọ̀sì.

Ogún ọta ni mo fọwọ́ ara mi ki ẹ̀tù sí fún ìbọn àtijọ́ tí mo rà. Ọta olórí rírọ̀, tó máa ń fẹ̀ nínú ẹran, ni mo yàn, kí ẹran lè tètè kú, kó má baà jẹ̀rora. Òṣùwọ̀n ni mo kọ́kọ́ fi wọn ẹ̀tù. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú bù ú, bíi ti Bàámi nídìí ṣakabùlà wọn. Tó bá pọ̀ jù, ìbọn yìí lè fọ́ mọ́ mi lójú.

Èwo ni mo fi ojú bù? Gbogbo wọn jọra.

Ìyàwó mi ní, "Daddy Kẹ́mi, ẹ tú gbogbo ẹ̀."

Mo ní ọmọ ọdẹ ni mí.

"Bàbá yín tó jẹ́ ọdẹ ńkọ́? Ìka mélòó ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún wọn?"

Mo fa páálí ọta mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìka méjì ni.