Ojú Gbẹ́nudákẹ́ Nínú Fọ́tò

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Gbọ̀ngàn ti wà. Aṣọ wà lọ́wọ́ télọ̀. Kéèkì ti ní ẹni tó máa ṣe é. Onífọ́tò nìkan la ò tíì rí.

Mo bi Gbẹ́nudákẹ́ léèrè. Ó ní èyí tó bá ti wù mí. Bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Àwọ̀ òdòdó — èyí tó bá wù ọ́. Irú àga — èyí tó bá wù ọ́. Bí mo bá ní orí òrùlé la ti máa ṣe ìgbéyàwó, àkàbà ló máa lọ wá.

Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, bí èmi títíṣà, tí mò ń pariwo lé àwọn ọmọ ọlọ́dún méje lórí láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ṣe lọ rí bábà fẹ́, bábà tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójúmọ́ kò ju “ẹ tẹrí wálẹ̀ díẹ̀” lọ. Àwọn oníbàárà á máa sọ̀rọ̀, òun á máa gé irun. Ìdí nìyí tí mo fi sọ ọ́ ní Gbẹ́nudákẹ́. Òun náà ń pè mí ní Títíṣà. Ọ̀rọ̀ wa ti dọ́gba.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Onífọ́tò àkọ́kọ́. Ẹ̀rín-dà ni mo sọ ọ́, nítorí gbogbo ìgbà ló ń kígbe “ẹ̀rín dà? ẹ̀rín dà?” Ó ní ká jókòó sórí sófà kó fi dán wa wò. Mo rẹ́rìn-ín. Gbẹ́nudákẹ́ fi eyín hàn — mi ò lè pe ìyẹn ní ẹ̀rín. Bí ẹni tí dókítà eyín ní kó lanu ni. Ẹ̀rín-dà bá sún mọ́ ọn, ó fi ìka méjì ti ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ sókè. Gbẹ́nudákẹ́ wo ìka yẹn. Ó wo èmi. Mo ní ẹ ṣeun o, a ó padà wá.

A ò ní padà.

Lójú ọ̀nà, ó ní ọwọ́ ọkùnrin yẹn ń run àlùbọ́sà. Gbogbo ohun tó sọ ní ọ̀sán yẹn nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Onífọ́tò kejì, Eléèéfín. Ó ní a máa dúró láàárín èéfín aláwọ̀ búlúù, a ó wá máa sáré jáde bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ṣùgbọ́n tìfẹ́tìfẹ́. Ó fi ti àwọn kan hàn wá. Mi ò rí ọkọ, mi ò rí ìyàwó, èéfín ni mo rí. Mo ní ojú wọn dà. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà, pé kí wọ́n má rí ojú.

Gbẹ́nudákẹ́ ní èyí dáa. Àṣé ó ti rí ibi tó máa sá pamọ́ sí. Mo fà á lápá, a jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

A ti rí onífọ́tò. Títíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ló júwe rẹ̀. Obìnrin ni, ó fi ọdún díẹ̀ jù wá lọ. Ó máa ń fẹ̀gbẹ́ rìn, ó máa ń lóṣòó, ó máa ń gba abẹ́ tábìlì kọjá, ojú rẹ̀ á sì máa yí kiri. Bí mo ṣe rí i ni mo sọ ọ́ ní Alákàn. Ojú ni alákàn sáà fi ń ṣọ́ orí. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ kò tóbi ju ilé ìdáná wa lọ: aṣọ funfun kan lára ògiri, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò kanlẹ̀, fáànù tó ń ké.

Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù mí lọ, kò sì rọrùn fún mi láti kọ èyí sílẹ̀. Ó ń já lu ọ̀rọ̀ mi, mo ń já lu tirẹ̀. Orí Gbẹ́nudákẹ́ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń bọ̀ sósì.

Òfin rẹ̀ kan: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wo fọ́tò inú kámẹ́rà lọ́jọ́ tó bá ń yà á. Ó ní bí ìyàwó bá ti rí ẹyọ kan, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́, ojú ara rẹ̀ ló máa máa wá kiri. Òfin kejì: kì í sọ fún èèyàn pé òun fẹ́ tẹ kámẹ́rà. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá ni, o ò báà máa họ imú. Mo ní mo fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n bá ń yà mí. Ó ní, “Ìyàwó, ẹ fìyẹn sílẹ̀.”

Mo fi sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Fọ́tò ṣáájú ìgbéyàwó, nínú ọgbà òdòdó tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé. Oòrùn dáa. Aṣọ wa dáa. Ìyókù ńkọ́?

Mo ní kí Gbẹ́nudákẹ́ gbé àgbọ̀n sókè, ó gbé e títí ó fi ń wo ojú ọ̀run. Mo ní kó dẹ èjìká, gbogbo ara rẹ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tó já lára okùn. Mo ní kó fọwọ́ kọ́ mi lọ́rùn, ó di orí mi mú, ó yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà — ó rò pé òun wà níbi iṣẹ́. Mo tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Mo tún bọ́tìnnì ṣe. Mo tún kọ́là ṣe. Mo ní kó wò mí tìfẹ́tìfẹ́. Ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn. Mo fi hàn án bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Alákàn ò bá wa dá sí i. Orí orúnkún rẹ̀ ló wà láàárín òdòdó, ó ń tẹ kámẹ́rà, títí olùṣọ́ ọgbà fi wá lé e jáde. Ẹjọ́ tí àwọn méjèèjì bá ara wọn rò níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Àwọn fọ́tò dé, díẹ̀ tí Alákàn kọ́kọ́ ṣà. Mo dáa níbẹ̀ — kí n má parọ́ nínú ìwé ara mi. Ṣùgbọ́n Gbẹ́nudákẹ́ jọ ẹni tí wọ́n mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tí kò tíì mọ ohun tí òun ṣe.

Mo fi wọ́n han Àǹtí Adájọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, àwọn ni wọ́n tọ́ mi dàgbà, kò sì sí ẹjọ́ ilé wa tó ju agbára wọn lọ. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Wọ́n wo fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ní, “Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọkùnrin yìí, ṣé ó fẹ́ ọ ni, àbí ìwọ lo fẹ́ ẹ?”

Mo ní ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bó bá ti rí kámẹ́rà. Wọ́n ní àwọn ò bínú sí i o, ọmọ dáadáa ni, ohun tí ojú àwọn rí ni àwọn sọ. Wọ́n lọ bomi rin òdòdó wọn.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Tiwọn ti balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá á kúrò láyà mi.

Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá ni, níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní, “Ṣé àwa méjèèjì ò wá ní fẹ́ra wa ni?” — bí ẹni tó ń béèrè bóyá òjò máa rọ̀. Ó ní, “Ó dáa.” Ó tán. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ̀fẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n “ó dáa” kì í ṣe “mo fẹ́”. Ẹni tí wọ́n bu oúnjẹ fún, tí ojú ń tì láti kọ̀, ó dáa náà ló máa wí. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọkùnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá ni mò ń wọ́ lọ sí gbọ̀ngàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti bi í. Èrò kún ibẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn tó ń dúró. Bàbá àgbàlagbà kan ló wà lórí àga, irun tó kù lórí wọn kò pọ̀, wọ́n sì ń sọ nípa ajá wọn tó kú. Gbẹ́nudákẹ́ ń gé e díẹ̀díẹ̀. Inú dígí ló ti ń wo ojú bàbá náà. Ojú rẹ̀ rọ̀, ó ń mi orí, ó dá irun gígé dúró nígbà tí ohùn bàbá náà yí padà, ó dúró kí wọ́n fọnkun tán.

Ojú tí mò ń wá látọjọ́ yìí, òkú ajá ló rí i gbà.

Mi ò lè bi í lójú gbogbo àwọn ọkùnrin yẹn. Mo ní mo kàn ní kí n yà kí i ni. Ó ní, “O ṣé.” Mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Gbogbo kíláàsì mi jókòó jẹ́ẹ́ lónìí. Wọ́n rò pé ara mi ò yá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Alákàn ní kí n wá ṣa èyí tí a máa tẹ̀ sínú álúbọ́ọ̀mù. Ó fi mí sídìí kọ̀ǹpútà, ó lọ se tíì, ó ń bá ẹnì kan jà lórí fóònù.

Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe díẹ̀ tó kọ́kọ́ ṣà nìkan. Àwọn tó yà nígbà tí a rò pé kò yà.

Ìka mi wà lókè. Ẹnu mi là. Fọ́tò tó tẹ̀ lé e, ìka mi ṣì wà lókè. Gbẹ́nudákẹ́ sì ń wò mí. Kò wo kámẹ́rà rárá, ẹnu mi ló ń wò, iwájú orí rẹ̀ kájọ bíi ti ọmọ tó fẹ́ yege ìdánwò. Mo bá tẹ̀ síwájú: àgbọ̀n rẹ̀ lókè. Mo tẹ̀ síwájú: àgbọ̀n rẹ̀ nísàlẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ní kó ṣe ló ń sáré ṣe. Ìgbà tó bá fi máa ṣe é tán, kò ní sí nǹkan kan tó kù lójú rẹ̀ fún kámẹ́rà.

Èmi ńkọ́? Kọ́là rẹ̀ ni mò ń wò. Bọ́tìnnì rẹ̀ ni mò ń wò. Mo wo kámẹ́rà dáadáa. Òun fúnra rẹ̀, n kò rí ẹyọ kan tí mo ti ń wò ó.

Alákàn gbé tíì dé. Mo ní, ṣé bí mo ṣe ń ṣe nìyí? Ó ní, “Ìyàwó, kámẹ́rà ló wà níbẹ̀ o, èmi ò sọ nǹkan kan.” Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sórí tábìlì, aṣọ funfun ara ògiri la fi nù ún.

Mo ti mọ ohun tó ń mú ojú Gbẹ́nudákẹ́ le nìyẹn. Àmọ́ ìbéèrè Àǹtí ṣì wà níbi tó wà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi náà ń ṣe ohun tí mo bá ní kí wọ́n ṣe. Ìyẹn ò ní kí wọ́n fẹ́ wá bá mi gbélé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo ti pinnu. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí wọ́n bá ń ya fọ́tò, màá dákẹ́. Mi ò ní fọwọ́ kan kọ́là. Mi ò ní gbé ìka sókè. Kí Gbẹ́nudákẹ́ ṣe ojú tó bá wù ú. Bí inú rẹ̀ bá dùn, màá rí i. Bí kò bá dùn, màá rí ìyẹn náà, màá sì mọ èyí tí màá ṣe kí a tó wọlé lọ buwọ́ lùwé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin

Ọ̀la ni. Télọ̀ ní kí n má jẹun púpọ̀ lálẹ́ yìí nítorí síìpù. Mo ti jẹun púpọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Tábìlì ilé rẹ̀ — ilé wa — ń mì, ẹ wo bí lẹ́tà mi ṣe ń wọ́. Ó wà nílé ìdáná, ó ń se tíì. Kí n yára kọ ọ́.

Lánàá, Alákàn ní orí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn ni ká ti ya ti àwa méjèèjì, kí èrò tó pọ̀, kí a tó wọlé. Òun alára ti dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn ìkòkò òdòdó. Gbẹ́nudákẹ́ dé nínú kóòtù dúdú. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n kọ́là rẹ̀ lápá òsì ti ká sókè pátápátá. Ọwọ́ ń yún mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di òdòdó mi mú.

Mo dákẹ́. Mo ń wò ó.

Ó wo kámẹ́rà. Ó wò mí. Ó gbé àgbọ̀n sókè fúnra rẹ̀, ó dúró kí n sọ̀rọ̀. N kò sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó dẹ èjìká. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo dákẹ́. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ níwájú orí rẹ̀. Ojú rẹ̀ wá burú ju ti inú ọgbà lọ, ó burú débi pé mo ní ó ti parí, Àǹtí ló rí i tọ́.

Ó bá rọra sọ̀rọ̀, kí Alákàn má baà gbọ́. Ó ní, “Títíṣà, ṣé o ti yí ọkàn padà ni?”

Mo ní, “Èmi?”

Ó ní, “O ò sọ nǹkan kan. Kọ́là mi ti ká sókè látilé, mo rí i nínú dígí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ fún ọ ni.”

Mi ò mọ ìgbà tí ìka mi lọ sókè. Mo ní báwo lèèyàn ṣe máa gbé irú kọ́là yìí rìn láàárín ìgboro lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ṣé kò ní dígí nílé ni, bábà gbáà, kó dúró dáadáa, kó yéé mì. Omi ń bọ́ lójú mi, mo sì ń tún kọ́là ṣe. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀, tó fi di ọ̀pá àtẹ̀gùn mú. Alákàn ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Àǹtí Adájọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, awò ojú wọn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ti yí ìdájọ́ àwọn padà, ká wọlé, akọ̀wé ìgbéyàwó ń dúró.

Bó ṣe gbé ife tèmi dé báyìí, mo bi í nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Mo ní ọjọ́ tí mo dá ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ní ó dáa, ṣé ó dáa lóòótọ́, àbí kò rí nǹkan míì sọ ni.

Ó bu ṣúgà sí tíì rẹ̀, ó fi ṣíbí rò ó. Ó ní bí mo ṣe yí ẹ̀yìn padà lọ́jọ́ náà, òun ní kí gbogbo oníbàárà máa lọ sílé, àti èyí tí òun ti gé irun rẹ̀ dé ìdajì, òun sì ti ilẹ̀kùn. Ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n, òun ò fẹ́ gé etí ọmọ ẹlòmíì.