Ẹṣin Méjìlá àti Bẹ́ríǹ Kan: Ìhágún Ọládùnjoyè Láníyì

Èmi, Ọládùnjoyè Láníyì, ọmọ bíbí Ìsánlú ní ilẹ̀ Yàgbà, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, tí mò ń gbé ní Lugbe ní Àbújá, tí mo sì ṣe mekáníìkì ní Ọgbà Ìṣeré Ìdẹ̀ra fún ọdún mẹ́tàlélógún kí wọ́n tó tì í pa, ni mo kọ ìwé yìí. Ọpọlọ mi pé, ojú mi ríran, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn mí, a kì í sì í fi ẹsẹ̀ ronú.

Mo pa gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú èyí rẹ́. Hàlímàt, ọmọbìnrin mi, ni mo yàn láti mú un ṣẹ, kí Lọ́yà Ìfẹ́olúwa Akínlabí sì ràn án lọ́wọ́. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, nítorí òun ni mo fi ń jà láti kékeré, n kò sì mọ èdè mìíràn tí mo lè fi tọrọ àforíjì.

ÌPÍN KÌÍNÍ. Mo fi ilé mi tó wà ní Lugbe sílẹ̀ fún ìyàwó mi, Sàlímọ́tù, pátápátá. Kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má ṣe ti Ìsánlú wá sọ fún un pé obìnrin kì í jogún ilé. Òun ló ru omi tí a fi po sìmẹ́ǹtì rẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ kọ́ tirẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà Ọgbà Ìdẹ̀ra ni mo ti rí i, níbi tó ti ń ta gúgúrú àti kúnú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gun Kẹ̀kẹ́ Ńlá láyé rẹ̀, ìyẹn kẹ̀kẹ́ onírin gíga tó ń gbé èèyàn yípo lókè. Bí a ṣe dé òkè téńté, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó pa ojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe Ọlọ́run. A balẹ̀ tán, kò jọ̀wọ́ mi. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, mo sì fẹ́ kó wà nínú ìwé òfin pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

ÌPÍN KEJÌ. Ewúrẹ́ mi mẹ́rin àti òbúkọ kan di ti Ṣèyí, ọmọkùnrin mi. Ó ní kọ̀ǹpútà lòun ń tún ṣe, òun kò mọ ohun tí ewúrẹ́ ń jẹ. Kó lọ kọ́ ọ. Òbúkọ yẹn jẹ ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mi lódindi, inú kò tilẹ̀ run ún. Àpótí sípánà mi di ti Ṣèyí náà. Òun ló ní kí n ta àwọn ẹṣin onírin mi fún àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́m. N kò bínú mọ́, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé.

ÌPÍN KẸTA. Àwọn ẹṣin tí mo wí jẹ́ méjìlá, ẹṣin ayípo tí àwọn ọmọdé máa ń gùn ní Ọgbà Ìdẹ̀ra. Ní ọdún 2014, nígbà tí wọ́n ń ta ẹrù ọgbà náà, tí oríṣiríṣi ọ̀bẹ yọ síta bí ọjọ́ ikú erin, èmi ra àwọn ẹṣin, mo kó wọn sí ilé ìkẹ́rù kan ní Idu. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tún wọn kùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá ti parí. Mo fi wọ́n sílẹ̀ fún Hàlímàt àti Bọ́lájí Fọláyan, kí àwọn méjèèjì jọ ni wọ́n.

Fọláyan ni máníjà ọgbà náà. Ọ̀rẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀. Ọdún méje rèé tí kò bá mi sọ̀rọ̀, ẹjọ́ rẹ̀ sì kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Ọgbà Ìdẹ̀ra, ẹ pàdánù. Lọ́jọ́ ọdún, èèyàn á ti Nyanya wá, á ti Kubwa wá, àní láti Suleja. Hausa, Gbagyi, Igbo, Yorùbá, ìlà kan náà là ń tò sí, àwọn ọmọ á sì máa ké kai! kai! bí kẹ̀kẹ́ bá ti gbé wọn sókè. Mo ní òfin kan: kí ẹnikẹ́ni tó wọlé láàárọ̀, èmi nìkan á kọ́kọ́ gun Kẹ̀kẹ́ Ńlá ní ìgbà mẹ́ta. Bí nǹkan bá máa já, kó já pẹ̀lú mi. Láti òkè yẹn ni mo ti ń wo Lugbe nígbà tó ṣì jẹ́ igbó àti oko ẹ̀gẹ́. Háà, mo gbádùn iṣẹ́ yẹn!

Láàárọ̀ Iléyá ọdún 2011, mo gùn ún bí ìṣe mi, mo sì gbọ́ tí nǹkan ń ké kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́. Mo ní bẹ́ríǹ ti ń fọ́, ìyẹn irin roboto àárín tí gbogbo kẹ̀kẹ́ náà fi ń yí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo fi sápò. Èrò ti kún ẹnu ọ̀nà bámúbámú. Fọláyan bẹ̀ mí pé kí a jọ tún un yẹ̀ wò. Mo kọ̀. Mo gun orí àga lójú gbogbo èèyàn, mo ní Fọláyan fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe owó.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Gbogbo ìlú gbọ́ pé kẹ̀kẹ́ Ìdẹ̀ra fẹ́ pa èèyàn. Lóòótọ́, ìbẹ̀rù bọ́ǹbù wà níta nígbà náà, díísù tí a fi ń yí kẹ̀kẹ́ ti gbówó lórí, àwọn ilé ìtajà ńlá sì ti ṣe ibi ìṣeré tó tutù nini. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń ṣe ọgbà náà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí àga ló pa á. Kí ọdún méjì tó pé, wọ́n ti tì í.

ÌPÍN KẸRIN. Mo fi bẹ́ríǹ Kẹ̀kẹ́ Ńlá, tó wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn mi, sílẹ̀ fún Bọ́lájí Fọláyan nìkan.

Ní ọdún 2014 yẹn, àwọn tó ra irin ọgbà náà ló gbà mí níṣẹ́ pé kí n bá wọn tú kẹ̀kẹ́ náà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ bẹ́ríǹ yẹn. Ó ń dán. Kò sán, kò jẹ. Mo wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, mo rí àjákù wáyà tí mo fi so pátákó ìkíni Iléyá mọ́ ọn ní ọjọ́ tó ṣáájú ọdún. Pátákó yẹn ló ń ha irin. Ojú ibi tó ha ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí ọdún kọjá tí a tú pátákó, tí mo yí kẹ̀kẹ́ náà lófìfo, ariwo náà dákẹ́, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́ kí n yẹ nǹkan kan wò. Mo ṣáà ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gùn ún mọ́. Ogójì èèyàn pàdánù iṣẹ́ nítorí wáyà tí èmi fúnra mi so.

Fọláyan, ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti mọ̀, tí n kò sọ. Ojú ń tì mí. Bí mo bá tún gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ lónìí, màá tún yọ kọ́kọ́rọ́, n kò tọrọ àforíjì fún ìyẹn. Ohun tí mo pè ọ́ níta ni mò ń tọrọ àforíjì fún. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́yìn ikú mi, kí n má bàa rí ojú rẹ. Ojo ni mí. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

ÌPÍN KARÙN-ÚN. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta àwọn ẹṣin náà fún irin. Kí ọmọdé máa gùn wọ́n. Bí ẹni tó ń yí wọn bá gbọ́ ariwo, kó dá wọn dúró, kó sì pe ẹnìkejì kó bá a gbọ́ ọ, kó tó la ẹnu.

ÌPÍN KẸFÀ. Mo fi èyí kún un nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fún Hàlímàt ní ìwé yìí kó bá mi tẹ̀ ẹ́. Àbújá ni a bí ọmọ náà sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kíkà rẹ̀ ń fún un ní wàhálà. Èmi àgbààyà, n kò ronú kan ìyẹn. Ó gbé e lọ sí Lokogoma, sọ́dọ̀ ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀ tó ti ṣe olùkọ́ Yorùbá rí: Fọláyan. Ó ní kó bá òun kà á, Fọláyan sì kà á láti òkè délẹ̀. Bóyá àìgbọ́ ni o, bóyá ọgbọ́n ni o, n kò mọ̀. Mo bi Hàlímàt, ẹ̀rín ló ń rín.

Fọláyan wá sílé mi lọ́jọ́ Àìkú. Ó gba kúnú lọ́wọ́ Sàlímọ́tù, ó mu ún tán, ó ní kí n gbé bẹ́ríǹ wá. Ó ń yí i lọ́wọ́, ó ń yí i, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òmùgọ̀ ni mí. Ó ní fún ọdún méje ni òun ti ń lá àlá àwọn ọmọ tó ń já bọ́ láti òkè, tí òun ń jí, tí òun ń sọ fún ara òun pé òun ìbá ti pa wọ́n lóòótọ́.

N kò mọ̀ pé ó gbà mí gbọ́. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé ìbínú ló ń bá a jà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, tòun ti ẹsẹ̀ dídùn. Òun ló gbé mi dìde.

Lọ́yà Ìfẹ́olúwa ti là á yé wa pé ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí ìwé yìí kò lè jogún nínú rẹ̀. Mo fẹ́ wá ẹlòmíràn. Fọláyan kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ni yóò fọwọ́ sí i.

Mo fọwọ́ sí i ní Lugbe, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá ọdún 2018, lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì.

Ọládùnjoyè Láníyì

Ẹlẹ́rìí kìíní: Samuel Àyàndá, aládùúgbò, Lugbe.

Ẹlẹ́rìí kejì: Bọ́lájí Fọláyan, Lokogoma. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe fọwọ́ sí i yìí, ìpín mi nínú àwọn ẹṣin àti bẹ́ríǹ ti bọ́. Kó di ti Hàlímàt. N kò fẹ́ ogún lọ́wọ́ ẹni tó ṣì ń mí. Èmi àti Láníyì yóò kó àwọn ẹṣin náà kúrò ní Idu wá sí Lugbe ní Sátidé yìí. Ẹ mú àwọn ọmọ yín wá.