Sárì Aláwọ̀ Ewé Tí Mo Gé fún Hánúkà

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Kọkànlá, 2022
Ọmọ mẹ́fà ló wá sí kíláàsì mi ní sínágọ́gù. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n lé ní ọgbọ̀n. Àwọn yòókù ti bá òbí wọn kó lọ sí Ísírẹ́lì. Mo ní aṣọ ògiri la máa rán fún Hánúkà, àjọ̀dún iná wa ọlọ́jọ́ mẹ́jọ: ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka mẹ́sàn-án (mẹ́jọ fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́jọ, ìkẹsàn-án fún iná tí a fi ń tan ìyókù), ahọ́n iná tí a fi aṣọ ṣe, bọ́tìnnì lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí a ó máa kọ́ iná kan mọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Kí oníkálukú mú àkísà wá láti ilé. Àkísà ni mo wí.

Ọjọ́ Àìkú, 27
Àkísà dé — apá ṣẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnì tí eku ti jẹ. Kẹ̀túrà ọmọ ọdún mẹ́sàn-án (Ọlọ́wọ́-òsì ni mò ń pè é níbí) fa odindi sárì, aṣọ gígùn tí àwa obìnrin ibí ń wé mọ́ra, yọ nínú àpò ìwé rẹ̀. Àwọ̀ ewé, sílíìkì gidi, òwú wúrà létí. Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ nílùú Táné yìí. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó rí i. Mo bi í ta ló ní kó mú un wá. Ó ní bàbá òun ni. Kò wojú mi.
Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo gé e. Ara rẹ̀ di ọ̀pá, etí wúrà di iná. Mo ní àkísà yòókù ò lè tàn — àwáwí. Sílíìkì yẹn ló wọ̀ mí lójú.

Ọjọ́rú, 30
Orúnkún. Mi ò jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 4 Oṣù Kejìlá
Rírán. Àwọn ìbejì jà nítorí bọ́tìnnì. Ọ̀kan ní ẹ̀ka tí èkejì rán wọ́ bí imú bàbá rẹ̀. Ó gbàgbé pé bàbá kan náà ló bí wọn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín àfi Ọlọ́wọ́-òsì. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìyá náà ò sì fìgbà kan mọ abẹ́rẹ́ í dì mú. Mo bi ọmọ náà ta ló kọ́ ọ tó fi ń gán aṣọ dáadáa báyìí. Ó ní òun kàn ń wò mí ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6
Bàbá Kẹ̀túrà wá, Ábnérì, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin. Kò jókòó, kò mu tíì. Ó fẹ́ gbé ìyàwó tuntun ní oṣù tó ń bọ̀, Húldà, ará Àlíbàgì. Ìyá Ábnérì ṣí àpótí kí wọ́n mú sárì tí ìyàwó rẹ̀ olóògbé wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lé làálì fún un kó tó ṣègbéyàwó, kí ìyàwó tuntun náà wọ̀ ọ́ fún tirẹ̀. Àpótí ṣófo. Kẹ̀túrà ní ó wà lọ́wọ́ mi.
Mo gbé ìyókù jáde. Mo ní, “Èmi ni mo gé e. Mo mọ̀ pé irọ́ lọmọ pa, mo sì gé e.”
Ó di ojú ibi tí mo gé mú títí. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ àgbà.” Ó fi aṣọ náà sílẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 11
Mo rò pé wọn ò ní jẹ́ kí Kẹ̀túrà wá mọ́. Ó wá. Mo dá a dúró lẹ́yìn kíláàsì, mo bi í bóyá ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi sárì náà ṣe.
“Mo mọ̀. Màmá àgbà ní Àǹtí Húldà ló máa wọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ti gé e, kò sẹ́ni tó máa lè wọ̀ ọ́ mọ́.”
Bí ẹni ń jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Mi ò bá a wí. Mi ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún náà, kò sunkún. A rán iná keje.

Ọjọ́ Àìkú, 18
Àbẹ́là àkọ́kọ́. A gbé aṣọ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà gidi. Ìyá Ábnérì wò ó, ó yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri kejì.

Ọjọ́bọ̀, 22
Húldà ará Àlíbàgì wá sílé mi. Ọmọge kékeré ni mo ti ń fọkàn rò. Obìnrin bí ẹni ogójì ọdún ni. Ó jókòó, ó mu tíì. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí ìyókù sárì náà. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú.
Ó ní, “Àǹtí Yerúṣà, wọn ò bi mí o. Wọ́n kàn ní mo máa wọ̀ ọ́ ni. Ta ló ń wọ aṣọ olóògbé lọ síbi ayọ̀ ara ẹ̀?”
Ó bẹ̀ mí kí n gán etí rẹ̀ kó má baà tú, kí n kó o fún ọmọ. Mo ní kó fún un fúnra rẹ̀. Ó ní rárá, bóun bá fún un, Kẹ̀túrà á rò pé òun fẹ́ fi ra ojú rere rẹ̀ ni.
Mo gán an lọ́sàn-án yẹn. Òwú wínníwínní.

Ọjọ́ Àìkú, 25
Ìrọ̀lẹ́ kẹjọ, iná Kẹ̀túrà ló kàn. Mo ti kó ìyókù sárì náà fún un lówùúrọ̀, mo sì sọ ẹni tó ní kí n kó o fún un. Ó kọ́ iná mọ́ bọ́tìnnì. Kò padà sáàárín àwọn ọmọ. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà, ó lọ bá Húldà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí èmi náà wà. Ó bi í aṣọ wo ló máa wọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Húldà ní òun ò tíì rà á, bóyá pupa.
“Kò gbọdọ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé.”
“Kò ní jẹ́ àwọ̀ ewé.”
Àyè wà lórí àga. Kò jókòó. Ṣùgbọ́n ó dúró tì í títí orin àjọ̀dún fi parí.