Nọ́ńbà Méje Ara Ògiri Wa

Ilé Alámọ̀,
Ọ̀tà.

Toyibat Àṣàbí ọmọ mi,

Àsàlámù àláékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Àbújá níbẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ ká fojú sunkún ara wa, àmín. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Mùbárákà àbúrò rẹ ti bímọ, ọkùnrin ni, igbe rẹ̀ le ju fèrè iléeṣẹ́ Igbesa lọ.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán, pé kí n ta ilé yìí fún Ọ̀gbẹ́ni Cornelius tó fẹ́ fi ṣe ibi ìkẹ́rùsí, kí n sì máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. N kò bínú. Irọ́ ni, mo bínú. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, torí inú rẹ̀ ni èsì mi wà.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo ti asalátù dé, mo bá nọ́ńbà méje tí wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò kọ sára ògiri wa. Wọ́n tún lẹ bébà kékeré kan mọ́ abẹ́ rẹ̀, onígun mẹ́rin, dúdú dúdú lára rẹ̀ bí ẹni pé èèrà ya bò ó. Ìwọ náà mọ àdúgbò Ṣàngó-Ọ̀tà níbí, bí wọ́n bá ti fi ọ̀dà kọ nǹkan sára ilé ẹni, katakata tó ń wólé ló kù. Àyà mi já. Nígbà tó já tán, mo wá ọ̀bẹ. Mo ní ilé tí mo ti bí ọmọ márùn-ún, ẹni tó bá máa wó o, á kọ́kọ́ wó èmi. Mo rọra ṣí bébà náà, mo ha nọ́ńbà náà dànù. Ṣùgbọ́n mo tún rò ó pé katakata tó bá ti jáde kò ní fẹ́ padà lófo, ni mo bá lọ lẹ bébà náà mọ́ ara ṣáláńgá Ọláṣùpọ̀ tó wà ní ọ̀kánkán wa, mo fi èédú kọ méje gàdàgbà sí i. Ó ti pẹ́ tí òórùn ṣáláńgá yẹn ti ń bá wa jẹun. Bí wọ́n bá fẹ́ wó nǹkan, kí wọ́n wó ìyẹn.

Nígbà tó di Sátidé, dípò katakata, èèyàn bí ogún ni mo rí. Èkó ni wọ́n ti wá. Wọ́n gbé bọ́ọ̀sì wọn sílẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn kiri ìgboro Ọ̀tà, láti ààfin dé mọ́ṣáláṣí àtijọ́, wọ́n ní àwọn ń wo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n sì sanwó kí wọ́n tó fẹsẹ̀ rìn o! Ẹsẹ̀ ara wọn! Silas ni orúkọ ẹni tó ṣáájú wọn, ó na agboòrùn sókè, bẹ́ẹ̀ kò sóòrùn, kò sójò. Wọ́n kí mi, wọ́n kọjá lára mi, wọ́n lọ tò síwájú ṣáláńgá. Bàbá àgbàlagbà kan tilẹ̀ ṣí fìlà fún un.

Gbogbo wọn wá gbé fóònù sí bébà náà, fóònù sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Toyibat, ohùn ta ni mo gbọ́? Èmi ni! Èmi Mùíbátù, nínú fóònù ogún èèyàn tí n kò rí rí! Ìgbà náà ni mo rántí ọmọbìnrin kan, Treasure (orúkọ ọmọ rèé), tó wá kí mi nínú ààwẹ̀, tó ní kí n sọ ìtàn ilé wa, tó wá ń na fóònù sí mi lẹ́nu. Mo rò pé eyín mi ló ń yẹ̀ wò. Mo ń gbọ́ ara mi tí mo ń sọ pé baba baba ọkọ mi ló fẹsẹ̀ po amọ̀ ilé yìí, pé èmi ni mo ń fọwọ́ rẹ́ ògiri rẹ̀ lọ́dọọdún, torí ilé amọ̀ tí ọwọ́ kò bá kàn, òjò á jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni Ọláṣùpọ̀ tó wà nínú ṣáláńgá ti wúkọ́. Ni gbogbo wọn bá ṣe háà, wọ́n ń ya fọ́tò.

N kò lè mú un mọ́ra. Mo dìde, mo ní kí gbogbo wọn yíjú padà, pé kì í ṣe inú ṣáláńgá ni mo ti bímọ. Silas ní bébà ló mú òun débẹ̀, pé ibi keje tí àwọn ń wò ni. Mo ní bébà kọ́ ló ni ilé, èmi ni. Mo já a, mo fọwọ́ ara mi lẹ̀ ẹ́ padà sára ògiri wa, mo ní kí wọ́n gbọ́ ọ látìbẹ̀rẹ̀, mo sì dúró tì í, ọwọ́ ní ìbàdí. Ọláṣùpọ̀ jáde, ó ń di ṣòkòtò, ó ń bi wọ́n pé ta ló kú. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo gbé bébà náà kúrò, ìwọ nìkan ni mo sọ fún.

Ó kù díẹ̀. Jọ̀wọ́ fi owó ọ̀dà yẹ́lò ránṣẹ́ kí n lè tún méje wa kọ, kó dára ju tiwọn lọ. Fi owó àga kan sí i, àti ti ìborùn tuntun, torí Sátidé Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ báyìí, n kò lè máa wọ ẹyọ kan náà nínú fọ́tò ogún èèyàn. Ọlọ́run á bá ẹ ṣọ́ ilé rẹ bí mo ṣe ń ṣọ́ tèmi, ọmọ rẹ kò ní ta ilé mọ́ ẹ lórí.

Silas fún mi ní irú bébà yẹn kan sí i, òun ló wà nínú lẹ́tà yìí. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀ rẹ, kí o gbé fóònù sí i, kí o sì jẹ́ kí Cornelius náà gbọ́ ọ. Níparí rẹ̀, wàá gbọ́ ibi tí mo ti ń sọ pé lọ́jọ́ tí mo bá kúrò nílé yìí, òjò kan ṣoṣo ló kù fún un, nítorí náà n kò ní kúrò. Mo ti dá ẹ lóhùn kí o tó béèrè.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùíbátù, onílé.